Fọ́tò Rílè Tí Kò Jáde: Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Eré Ìdárayá àti Kámẹ́rà Tó Yẹ Ká Rà

Bí ẹ bá rántí, nígbà íńtà-háòsì ọdún tó kọjá, Présì Kílọ́ọ̀bù ṣèlérí pé fọ́tò rílè àwọn obìnrin, eré tó gbẹ̀yìn lọ́jọ́ náà, máa wà lójú ògiri yìí ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Fọ́tò yẹn ò jáde títí dòní. Ọ̀pọ̀ nínú yín bi mí, mo sì ń dá yín lóhùn pé mẹ́mòrì káàdì ló bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, irọ́ ni mo pa. Kò sí ohun tó ṣe mẹ́mòrì káàdì. Fọ́tò náà wà níbẹ̀, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí, àmọ́ kò ṣeé wò. Èmi ni mo yà á, èmi náà ni mo bà á jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ bí eré yẹn ṣe lọ. Ipò kẹta ni Yẹ́lò Háòsì wà nígbà tí igi dé ọwọ́ ẹni tó kẹ́yìn wọn. Ọmọ SS3 ni, síníọ̀ mi ni lóòótọ́, àmọ́ àdúgbò kan náà là ń gbé, a sì jọ máa ń rìn lọ sílé. Kó tó dé ibi tí wọ́n na tépù sí, ó ti kọjá Rẹ́ẹ̀dì, ó ti kọjá Búlúù, ó fi àyà já tépù. Pápá dàrú. Màmá rẹ̀ ò lè wá torí ọjọ́ ọjà ni. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ lórí èjìká báyìí, ọ̀dọ̀ mi ló sáré wá. Ó ní, "Ṣé o yà mí? Mo fẹ́ fi han màmá mi lálẹ́ yìí." Mo ní, "Mo yà ẹ́ dáadáa." Mi ò sì tíì wò ó rárá nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo délé tí mo wò ó, àwọ̀ yẹ́lò kan ni mo rí tó fà gbọọrọ, bí ìgbà tí èèyàn fi àkísà nu ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Orí ò yàtọ̀ sí èjìká. Apá méjì ti di mẹ́rin. Igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo sọ fún un lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Ó dáa, kò burú." Ó ti ṣe WAEC, ó ti jáde. Kò tún lè sá rílè yẹn mọ́.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ bọ̀ọ̀dá mi tó ni kámẹ́rà, tí wọ́n máa ń ya fọ́tò ní òde ìgbéyàwó àti òkú àgbà, mo sì tún wo inú ìwé Físíìsì wa. Ohun tó dùn mí jù ni pé kámẹ́rà yẹn tó ó yà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mi ò yí. Torí náà, kí a tó ṣèpàdé lórí owó tí kílọ́ọ̀bù dá láti fi ra kámẹ́rà tuntun, mo ní kí n kọ ohun tí mo ti mọ̀ síbí, kí ẹlòmíì má bàa ṣe irú ẹ̀.

Kámẹ́rà ní ìpéǹpéjú, ó sì ní ọmọlójú, bíi ti èèyàn. Ìpéǹpéjú yẹn ni wọ́n ń pè ní ṣọ́tà. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ṣọ́tà á là, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, á sì tún padé. Ohunkóhun tó bá rìn níwájú rẹ̀ láàárín ìgbà tó là sí ìgbà tó padé, ó máa fa ìlà sínú fọ́tò. Bó bá pẹ́ kó tó padé, ìlà yẹn á gùn. Bó bá ṣẹ́jú kíá, ìlà á kéré débi pé ojú wa ò ní rí i mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, kò le. Ká ní ọmọbìnrin kan sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 14. Ìyẹn ni pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń lọ ní mítà 7 ó lé díẹ̀. Kámẹ́rà máa ń kọ iye tí ṣọ́tà jẹ́ sára fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Mo wo tèmi, mo bá 1/60 níbẹ̀. Tí ẹ bá pín mítà 7 yẹn sí ọ̀nà 60, sẹ̀ǹtímítà 12 ni. Ẹ mú rúlà yín jáde kí ẹ wò ó. Bó ṣe jìnnà tó ló rìn nígbà tí ojú kámẹ́rà mi là sílẹ̀ gbayawu. Apá àti ẹsẹ̀ tó ń fì síwájú tún yára ju ara lọ, tiwọn á tún gùn jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ṣọ́tà bá jẹ́ 1/1000, mílímítà 7 péré ni, ìnípọn pẹ́ńsùlù kan.

Nítorí kí ẹ lè mọ̀ pé nọ́ńbà yìí kì í ṣe ti ọmọ ilé-ìwé nìkan, mo tún fi ti Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ṣe é. Ní July 24, 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá 100 mítà, ó sì fo igi 10 lójú ọ̀nà, ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Ẹnì kankan nínú àwọn obìnrin ayé ò tíì sá a báyẹn rí ṣáájú rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ mítà 8 ó lé díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Pẹ̀lú ṣọ́tà 1/1000, mílímítà 8 ló máa rìn. Ẹ ò rí i pé lójú ṣọ́tà, mílímítà kan péré ló wà láàárín Amusan àti Yẹ́lò Háòsì! Nítorí náà 1/1000 ni kí ẹ há sórí. Eré ìje, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, bọ́ọ̀lù aláwọ̀n, gbogbo ẹ̀ ló bá a mu. Ẹni tó ń fo sókè ló rọrùn díẹ̀, torí tó bá dé òkè pátápátá ó máa ń fẹ́ẹ̀ dúró kó tó já bọ́. 1/500 lè mú un.

Kí ló wá dé tí kámẹ́rà mi fi yan 1/60? Ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹ rántí pé agogo mẹ́rin ló wà nínú ìwé ètò pé a máa parí. Àmọ́ àwọn àlejò pàtàkì sọ̀rọ̀, ẹni tó ń ṣojú àlejò pàtàkì tí kò lè wá náà sọ̀rọ̀, wọ́n sì dá owó fún ilé-ìwé (a dúpẹ́). Ìgbà tí wọ́n fọn fèrè rílè, agogo méje ku díẹ̀, òjò sì ti ń ṣú. Ojú wa ò tètè mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú torí ó máa ń bá a lọ díẹ̀díẹ̀. Kámẹ́rà mọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dínkù, kó lè rí tó, ó máa la ojú pẹ́. Àwọn fọ́tò tí mo yà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tí ẹ rí lójú ògiri yìí tí ẹ sì yìn mí, ṣọ́tà wọn ju 1/2000 lọ. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n yà. Oòrùn ló ràn mí lọ́wọ́.

Nǹkan mẹ́ta ló ń bá ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú kámẹ́rà. Ṣọ́tà ni ìkíní, a ti sọ ọ́. Èkejì ni ọmọlójú lẹ́ǹsì, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Lẹ́tà f ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ó sì máa ń ru àwọn èèyàn lójú torí pé bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe tóbi tó: f/1.8 jẹ́ ihò ńlá, f/5.6 jẹ́ ihò kékeré. Ẹ̀kẹta ni ISO, ẹ kàn kà á sí fólúùmù rédíò. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ẹ yí i sókè, kámẹ́rà á gbọ́ ìwọ̀nba tó wọlé. Tí ẹ bá yí i jù, fọ́tò á máa hó, àmì wínníwínní á bò ó bí iyanrìn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí fọ́tò tèmi. Lẹ́ǹsì wà ní f/5.6. ISO wà ní 400, níbi tí mo bá a, torí fíláṣì ni bọ̀ọ̀dá mi fi ń ya òde, wọn kì í nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí mo bá yí ISO láti 400 sí 3200, ìlọ́po mẹ́jọ nìyẹn. Ṣọ́tà náà á fi ìlọ́po mẹ́jọ yára, á kúrò ní 1/60 bọ́ sí nǹkan bíi 1/500. Fọ́tò á ní iyanrìn lára díẹ̀, àmọ́ ojú á hàn, igi á hàn, tépù tó já á hàn. Ìṣirò yẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Alẹ́ ọjọ́ tí mo ṣe é, mi ò tètè sùn.

Nítorí náà, bí kámẹ́rà bá bọ́ sí ọwọ́ yín lọ́jọ́ eré, èyí ni kí ẹ ṣe. Lórí Nikon, ẹ yí kọ́kọ́ òkè sí S. Lórí Canon, Tv ni wọ́n kọ. Ẹ fi ṣọ́tà sí 1/1000, ẹ sì jẹ́ kí ISO máa yí fúnra rẹ̀, àmọ́ kó má kọjá 3200, tàbí 6400 tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú gan-an. Ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí AF-C, èyí tí Canon ń pè ní AI Servo, kó lè máa tẹ̀ lé ẹni tó ń sáré dípò kó gbàgbé rẹ̀ síbi tó ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ fi sí èyí tó ń yà tẹ̀ léra wọn, tí ẹ ò bá gbé ìka kúrò. Àmọ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré o. Ó máa ń rẹ kámẹ́rà, á dúró láti máa kó fọ́tò sínú káàdì, ìgbà tó bá dúró yẹn gan-an ni wọ́n máa já tépù. Ẹ dúró dè é. Ó ku mítà márùn-ún, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Yíyà tẹ̀ léra wọn yìí kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1878, ní Kalifóníà, Eadweard Muybridge to kámẹ́rà 12 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà, ó sì na okùn kọjá kí ẹṣin máa fúnra rẹ̀ já a bó ṣe ń sáré kọjá. Àwọn èèyàn ti ń jiyàn tipẹ́ bóyá ìgbà kan wà tí ẹsẹ̀ ẹṣin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í kan ilẹ̀. Fọ́tò yẹn fi hàn pé ó wà. Ojú lásán ò lè rí i. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí torí ó jẹ́ kí n mọ̀ pé fọ́tò eré ìje kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́ nìkan, ó lè parí ìjà. Ẹ̀yin tí ẹ jà lórí ipò kejì 200 mítà ọdún tó kọjá, ẹ mọ ara yín.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a máa dúró ló kàn, èyí ló sì ṣòroó kọ́ jù. Ní May 25, 1965, ní Lewiston, ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, Muhammad Ali lu Sonny Liston ṣubú ní ráúńdù àkọ́kọ́. Fọ́tò tí Neil Leifer yà níbẹ̀ kò sí ibi tí kò dé: Ali dúró lórí Liston, ó ká apá ọ̀tún mọ́ àyà, ó ń pariwo mọ́ ọn. Ọmọ ọdún 22 ni Leifer. Tí ẹ bá wo àárín ẹsẹ̀ Ali nínú fọ́tò yẹn, ẹ máa rí ọkùnrin kan tó di kámẹ́rà mú ní òdìkejì. Herb Scharfman ni, òun náà ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn Sports Illustrated bíi Leifer, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju Leifer lọ. Kámẹ́rà rẹ̀ ò bàjẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ẹ̀yìn Ali ló kọjú sí i, kò sí nǹkan tó lè ṣe. Ìyẹn ni pé oríire wà nínú iṣẹ́ yìí, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Àmọ́ a lè ran oríire lọ́wọ́. Ní pápá wa, iwájú ìlà òpin ni kí ẹ lọ, kí ẹ kọjá tépù ní nǹkan bíi mítà 8, kí ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí wọ́n má bàa gbá yín lulẹ̀. Kí ẹ kúnlẹ̀. Tí ẹ bá kúnlẹ̀, eléré á ga lójú fọ́tò, sánmà àti igi ọdán á wà lẹ́yìn rẹ̀ dípò àga rọ́bà àti kúlà omi. Apá ibẹ̀ tún dáa nírọ̀lẹ́ torí pé ìwọ̀-oòrùn ni àwọn tó ń sáré ń kọjú sí. Oòrùn á wà lẹ́yìn yín, á sì tàn sójú wọn. Lọ́sàn-án gangan, kò sí ibi tó dáa, òjìji á bo ojú gbogbo èèyàn mọ́lẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mi ò rí nínú ìwé kankan, bọ̀ọ̀dá mi ló kọ́ mi. Tí sánmà funfun bá wà lẹ́yìn eléré, tàbí tó bá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú àwa adúláwọ̀ á wá ṣókùnkùn bí ẹni tó wà nínú yàrá tí wọn ò tan iná. Kì í ṣe àwọ̀ wa ló burú, ìṣirò kámẹ́rà ni kò gba tiwa rò. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n fi àmì ìròpọ̀ àti àmì ìyọkúrò sí lára. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi +0.7 tàbí +1 kún un. Síńgílẹ́ẹ̀tì lè funfun jù díẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa funfun lọ. Ojú èèyàn là ń wá.

Ẹ má lo fíláṣì síwájú ẹni tó ń dúró de ìbọn ìbẹ̀rẹ̀ eré, ẹ má sì kọjá sí ibi tí wọ́n ti ń ju ọ̀kọ̀ àti irin. Àti pé tí aṣọ ọmọbìnrin bá ṣí, tàbí tí ẹnì kan bá ṣubú tó ń sunkún, ẹ bi í kí fọ́tò náà tó dé ojú ògiri. Mo mọ ẹni tí wọ́n fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi tááàmù kan. Kò tún sáré mọ́.

Ó wá kan ohun tí a máa rà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má dúró de kámẹ́rà. Òfin ò gbà wá láyè láti mú un wá sílé-ìwé, àmọ́ bọ́ọ̀lù ń lọ ládùúgbò gbogbo yín nírọ̀lẹ́. Púpọ̀ nínú fóònù ló ní ibi tí wọ́n kọ Pro sí, ẹ lè fi ṣọ́tà sí 1/1000 níbẹ̀. Ẹ má fi ìka fa ojú rẹ̀ gùn láti mú ẹni tó jìnnà sún mọ́ yín. Fóònù á kàn gé àárín fọ́tò, á sì fẹ̀ ẹ́. Ẹ rìn lọ bá a ni. Mo gbé fóònù màmá mi lọ wo bọ́ọ̀lù ní pápá Lekan Salami ní Adámásingbà, láti orí ìjókòó àwọn òǹwòran. Nígbà tí mo délé, àwọn agbábọ́ọ̀lù tóbi bí èèrà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí lẹ́ǹsì bá ṣe gùn tó, tí wọ́n ń fi mílímítà ka, ló ṣe ń mú nǹkan sún mọ́ wa tó. Lẹ́ǹsì tó bá irú kámẹ́rà bọ̀ọ̀dá mi wá láti ilé iṣẹ́ jẹ́ 18-55mm. Tí ẹ bá gbé kámẹ́rà dúró lóòró, tí ẹ fà á dé 55, tí eléré wà ní mítà 30 sí yín, ìdá mẹ́jọ gíga fọ́tò péré ló máa gbà. Ìyókù á jẹ́ koríko. Lẹ́ǹsì 200mm níbi kan náà, eléré yẹn á fẹ́ẹ̀ gba ìdajì fọ́tò. Ẹ wá gbọ́ èyí o: lẹ́ǹsì 50mm kékeré, tó wà ní mítà 8 sí eléré, òun náà á fún yín ní nǹkan bí ìdajì yẹn. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ lọ sí mítà 8 nìyẹn. Àwọn lẹ́ǹsì funfun gbọọrọ tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn góòlù lórí tẹlifíṣọ̀n, ti Canon ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n kùn wọ́n ní funfun kí oòrùn má bàa mú wọn gbóná jù. Wọ́n nílò wọn torí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ́ kí wọ́n wọ inú pápá. Àwa, olùkọ́ eré ìdárayá wa mọ orúkọ wa. Ẹ ò rí i pé àǹfààní kan wà tí a ní tí wọn ò ní.

Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 yìí tún ní ohun kejì. Ihò rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ju f/5.6 lọ. Irọ̀lẹ́ ọjọ́ rílè yẹn, ká ní òun ni mo gbé, kí n má tiẹ̀ fọwọ́ kan ISO, ṣọ́tà á ti kúrò ní 1/60 dé bíi 1/580. Ó sì wà lára lẹ́ǹsì tí owó rẹ̀ kéré jù ní ọjà.

Ní kílọ́ọ̀bù, mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ ká fi gbogbo owó ra kámẹ́rà tuntun kan ṣoṣo nínú páálí, pẹ̀lú lẹ́ǹsì kékeré tó bá a wá. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ká ra dróònù. Ẹ jọ̀ọ́, dróònù lè ya pápá, kò lè ya ojú ẹni tó ń já tépù. Kámẹ́rà tuntun náà dáa, mi ò kórìíra ohun tuntun, àmọ́ lẹ́ǹsì rẹ̀ á tún jẹ́ f/5.6, a máa padà síbi tí mo wà lọ́dún tó kọjá. Tèmi ni pé ká ra tòkunbọ̀, Nikon D7000 tàbí D7100, ká sì fi owó tó ṣẹ́ kù ra lẹ́ǹsì méjì: 50mm f/1.8 kan, àti 70-300mm kan fún bọ́ọ̀lù, èyí tí a ò lè sún mọ́. Kámẹ́rà méjèèjì yẹn ń ya fọ́tò mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. D3200 bọ̀ọ̀dá mi, mẹ́rin ló ń yà. Mo yan Nikon torí pé lẹ́ǹsì bọ̀ọ̀dá mi á bá a mu, a á lè yá a. Tó bá jẹ́ pé Canon ni mọ̀lẹ́bí tiyín ní, Canon ni mi ò bá ní ká rà.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tó ti mú àwọn èèyàn. Àwọn Nikon kékeré, bíi D3200 àti D5100, kò ní mọ́tò tó ń yí fókọ́ọ̀sì nínú ara. Tí ẹ bá ra lẹ́ǹsì àtijọ́ tí wọ́n kọ AF nìkan sí lára, á wọlé, á dúró dáadáa, àmọ́ ọwọ́ lẹ máa fi máa yí fókọ́ọ̀sì lórí ẹni tó ń sáré bọ̀. Kò ṣeé ṣe. AF-S ni kí ẹ wá fún un. D7000 àti D7100 ní mọ́tò tiwọn, lẹ́ǹsì àtijọ́ tí kò wọ́n náà á ṣiṣẹ́ lára wọn.

Ní ti tòkunbọ̀, ẹ má sanwó lórí fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ débẹ̀, ẹ mú bátìrì àti káàdì tiyín dání, kí àgbàlagbà kan bá yín lọ. Ẹ bèèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣẹ́jú. D7000, ilé iṣẹ́ tó ṣe é dán ṣọ́tà rẹ̀ wò dé ìgbà 150,000, nítorí náà èyí tó ti sún mọ́ iye yẹn, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ẹ fi f/16 ya sánmà, ẹ fẹ fọ́tò náà lójú rẹ̀. Tí ẹ bá rí àmì dúdú dúdú, ìdọ̀tí ti wọnú rẹ̀. Ẹ gbé lẹ́ǹsì sójú iná kí ẹ wo inú rẹ̀. Tó bá ti bu, tí ẹ rí nǹkan tó ta bí òwú aláǹtakùn nínú gíláàsì, ẹ gbé e sílẹ̀ kí ẹ máa lọ, bó ti wù kó pọ́n tó. Òjò ilẹ̀ wa ló máa ń fà á. Tiwa, tí a bá rà á, inú ike tó ní ìdérí ló máa wà, pẹ̀lú àwọn àpò pélébé tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Ẹ má jù wọ́n nù mọ́, ẹ máa kó wọn wá fún mi.

Ìpàdé lórí owó náà jẹ́ Friday yìí lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ ìparí, ní yàrá SS2B. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tèmi kó wá sọ ọ́, mi ò ní bínú. Títí tí a ó fi rà á, bọ̀ọ̀dá mi ti gbà kí n máa mú kámẹ́rà wọn wá ní gbogbo Wednesday tí àwọn háòsì bá ń dánra wò. Èèyàn mẹ́ta lè jọ lò ó lọ́jọ́ kan. Ẹ kọ orúkọ yín sí ìwé tí mo fi píìnì kàn mọ́ ìsàlẹ̀ ibí.

Mo pàdé síníọ̀ mi yẹn lọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun ń bọ̀ ní íńtà-háòsì ọdún yìí, òun máa sá eré àwọn tó ti jáde. Mo ti wo ìwé ètò. Eré yẹn ló ṣáájú rílè tó gbẹ̀yìn, a sì mọ̀ pé agogo méje ku díẹ̀ ló máa bọ́ sí. Mo ti gé bébà kékeré kan, mo kọ 3200 sí i, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà.